Èmi Ni Mo Ba Ìwádìí Dókítà Sọlánjì Jẹ́

Ẹ̀yin ará mi tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Libreville, olú ìlú Gabon níbí, tí gbogbo ìlú ń kọ́lé tọ̀sán tòru. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí ó fi kú. Mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ mi. Mo ti darúgbó báyìí, orúnkún ń dùn mí, mi ò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ má bẹ̀rù. Mi ò pa èèyàn. Mi ò gba ọkọ ọlọ́kọ. Ohun tí mo ṣe dùn mọ́ mi nígbà tí mò ń ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà rẹ̀ wà. Kódà bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí láwọn ibì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ìyẹn rò pé kò dùn mí.

Ọmọ ọmọ mi, Bísọ́lá, ló jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Faransé rẹ̀ já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ, ó sì ń kọ́ nípa ìtọ́jú ọkàn àti ọpọlọ ní yunifásítì. Ní oṣù tó kọjá, a jọ ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ló bá sọ gbólóhùn kan tó mú kí ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo máa sọ ọ́ fún yín. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Télọ̀ ni mí. Ṣakí ni wọ́n ti bí mi, ọkọ mi ló mú mi wá sí àdúgbò Akébé ní Libreville. Nígbà tí mò ń sọ yìí, ìjọba ń kọ́ ọ́fíìsì lórí ọ́fíìsì, gbogbo fèrèsé ló sì ń fẹ́ kọ́tìnnì. Kọ́tìnnì ni mò ń rán láàárọ̀, kọ́tìnnì ni mò ń rán lálẹ́. Ayé dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ẹni tó bá sọ pé ayé ò dùn nígbà yẹn, kò sí ní Libreville ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, takisí tí èmi àtàwọn mẹ́rin kan jọ wọ̀ láti Owendo yọ̀ lójú títì, ó sì dojú dé sínú gọ́tà. Kò sẹ́ni tó kú. Obìnrin kan gbé ẹyin dání, méjì péré ló fọ́ nínú ẹyin rẹ̀. Gbogbo wa jáde láti ojú fèrèsé, a ń dúpẹ́, a ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni mo délé tí mi ò pé mọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, tí ọkọ̀ bá ti fun fèrè báyìí, àyà mi á já. Á máa lù kìkì. Òógùn á bò mí. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n débi tí mi ò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Télọ̀ tí kò lè ti òwú bọ abẹ́rẹ́, kí ló kù? Màá ní kí oníbàárà bá mi tì í bọ̀ ọ́, màá sì díbọ́n pé ojú ló ń dùn mí.

Ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà yẹn ló júwe ilé ìwòsàn kékeré kan fún mi ní Plaine Orety. Ó ní dókítà obìnrin kan ti dé láti òkè òkun, tó ń wá àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀, kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Mo lọ. Bí mo ṣe pàdé Dókítà Sọlánjì nìyẹn. Òyìnbó tínrín báyìí ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, irun rẹ̀ kì í gbọ́ tirẹ̀.

Ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún wa dáadáa. Ó ní ọ̀nà kan wà tí àwọn ará Éṣíà ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́: kéèyàn jókòó jẹ́ẹ́, kó máa ṣọ́ èémí rẹ̀ bó ṣe ń wọlé tó sì ń jáde, kó má sì lé èrò kankan kiri. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn, àwọn kan ń sọ pé ó ń wo àìbalẹ̀ ọkàn sàn, àwọn kan sì ń sọ pé ariwo lásán ni. Ó ní òun fẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, kí gbogbo ayé lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.

Ó tún sọ ohun kan tí mi ò gbàgbé. Ó ní àyà òun náà máa ń já láti ìgbà tí òun ti wà nílé ìwé ìṣègùn, àti pé àràárọ̀ lòun ń jókòó bẹ́ẹ̀ kí òun tó lè wá sẹ́nu iṣẹ́. Ó ní, "Ó ṣe mí lóore. Ṣùgbọ́n pé ó ṣe ẹnì kan lóore kò tíì tó ẹ̀rí."

Ó kó bébà sínú abọ́ tánńganran kan, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan. Ẹni tó bá mú funfun á gba káàdì funfun, á máa wá jókòó lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ẹni tó bá mú yẹ́lò á gba káàdì yẹ́lò, á lọ dúró sílé. Wọ́n á bi í ní ìbéèrè níbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, lẹ́yìn náà ló máa wá kan òun náà. Ó ní tí gbogbo wa bá jókòó, tí gbogbo wa sì yá, ta ló máa mọ̀ bóyá ìjókòó ló ṣe é tàbí ọjọ́ tó ń gorí ọjọ́?

Ọ̀rọ̀ yẹn yé mi. Mi ò lè purọ́ fún yín pé kò yé mi. Ó ní kí àwa oníkáàdì funfun nawọ́ sókè, ká búra pé a ò ní kọ́ àwọn oníkáàdì yẹ́lò ní nǹkan kan títí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ á fi pé. Tèmi ló ga jù nínú gbogbo ọwọ́ tó wà lókè.

Àǹtí Sẹ̀míátù sì mú yẹ́lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ará Ìsẹ́yìn ni, ó ju mí lọ dáadáa, àgbàlá kan náà la jọ ń lò ní Akébé. Ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ epo lápá Port-Gentil, kì í ṣe lórí ilẹ̀ o, láàárín òkun gangan, lórí irin tí wọ́n gbé dúró sínú omi. Ó máa ń pẹ́ kó tó wálé. Tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ ní Akébé, Àǹtí Sẹ̀míátù á ti rò pé ó ń gbá ọkọ òun lọ. Kò rí oorun sùn. Ìrẹsì rẹ̀ ń jó lórí iná níṣojú rẹ̀. Á máa kírun, á gbàgbé iye rákà tó ti kí, á tún un kí láti ìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ mi mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà. Abọ́ tánńganran wá fún mi ní funfun, ó fún un ní yẹ́lò.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ jókòó, ọkàn mi ò dúró síbì kan. Ó lọ sọ́dọ̀ kọ́tìnnì, ó lọ sí Ṣakí, ó padà wá bá kọ́tìnnì. Dókítà ní tí èrò bá dé, ká kí i, ká jẹ́ kó máa lọ. Mo sọ fún un pé lọ́dọ̀ tiwa, kéèyàn kí ẹnì kan kó sì jẹ́ kó máa lọ, ìdajì wákàtí ni. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

Èmi náà ni mo kọ́ ọ pé Yorùbá kì í bá èèyàn lórí ìjókòó kó má kí i. Láti ọjọ́ yẹn, tó bá ti wọlé, á ní, "Ẹ kú ìjókòó o." Bí ẹni tó kó iṣu gbígbóná sẹ́nu ló ṣe ń sọ ọ́. Àwa náà á dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀." Inú rẹ̀ máa ń dùn sí i bí ẹni tó jogún ilé.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo mú abẹ́rẹ́, mo mú òwú, òwú wọlé. Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo fà á yọ, mo tún tì í, ó tún wọlé. Mo jókòó sórí ilẹ̀ láàárín kọ́tìnnì ìjọba, mo sì sunkún ayọ̀. Ọkọ̀ ń fun fèrè níta, mi ò tiẹ̀ mọ̀.

Àǹtí Sẹ̀míátù rí mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ mi. Ó ní, "Kí ni wọ́n fún ẹ lò níbẹ̀?" Mo ní wọ́n ní kí n má sọ. Ó ní, "Ó dáa." Ó yí padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ irú "ó dáa" yẹn. Ì bá sàn kó bú mi.

Mo gbìyànjú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi pa á mọ́ra, èmi tí mi ò lè jẹ ẹ̀pà kí n má fi bọ́ ẹni tó wà nítòsí. Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún mo bá a nídìí ẹ̀rọ omi. Báàkẹ́tì rẹ̀ ti kún, omi ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ lára pánù òrùlé, òun ló tẹ́tí sí. Mo pa ẹ̀rọ omi. Mo dojú báàkẹ́tì tèmi dé, mo ní, "Àǹtí, ẹ jókòó. Ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ sáà máa ṣọ́ èémí yín bó ṣe ń wọlé."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ibi tí tèmi ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ká ní ó mọ sórí Àǹtí Sẹ̀míátù ni, bóyá mi ò ní máa kọ̀wé yìí. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ló ju èje lọ. Àwa ọmọ Yorùbá ní ẹgbẹ́ kan nígbà náà, a máa ń pàdé ní àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Derrière la Prison, ẹ̀yìn ọgbà ẹ̀wọ̀n, ní ọjọ́ Sunday, ní pálọ̀ Bàbá Alága tó ń tún rédíò ṣe. Ẹgbẹ́ yẹn ní òfin kan. Kí ìpàdé tó tú, kálukú á dìde sọ ohun rere tó bá pàdé lọ́sẹ̀ náà, á sì sọ ibi tí àwọn yòókù ti lè rí i: ibi tí wọ́n ti ń gba òṣìṣẹ́, ẹni tó lè báni ṣe ìwé ìgbélùú, ibi tí sìmẹ́ǹtì ti dé. Ẹni tó bá fi ohun rere pamọ́, tí àṣírí rẹ̀ tú, á ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan fún gbogbo ilé. Òfin yẹn la fi ń gbé nílẹ̀ àjèjì, a sì ń fi yangàn.

Lọ́jọ́ Sunday yẹn, Àǹtí Sẹ̀míátù dìde. Òru mẹ́fà ló ti sùn tẹ̀lé ara wọn. Ojú rẹ̀ ń dán. Ó ní ohun rere ti bá òun pàdé, ọwọ́ aládùúgbò òun ló sì wà. Ó nawọ́ sí mi. Ó ní kí n dìde kí n kọ́ àwọn èèyàn.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wò ó bó ṣe rí. Èèyàn méje tó wà ní pálọ̀ yẹn ló ní káàdì yẹ́lò lápò, mo sì mọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, torí èmi fúnra mi ni mo kó èyí tó pọ̀ jù nínú wọn lọ bá dókítà. Ìbúra kan ni mo ṣe fún dókítà, àlejò tó dé lánàá. Ìbúra kejì ni mo ṣe fún àwọn tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò mọ ọ̀nà ọjà.

Mo lè ra páálí ọtí ẹlẹ́rìndòdò náà kí n jókòó. Mo rò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ tán, torí ìdajì ìjẹ́wọ́ ò jẹ́ nǹkan kan: ó wù mí. Ó wù mí kí n jẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo dìde, mo tún ìró ró, mo ní, "Ẹ pa ẹnu yín dé."

Ẹ̀yin ará, wọ́n pa ẹnu wọn dé. Bí ogójì Yorùbá ló wà nínú yàrá kan, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. A ń gbọ́ aago ara ògiri. A ń gbọ́ èémí ara wa. Kò pẹ́ ni onílé Bàbá Alága, ọmọ Gabon tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, sáré wọlé láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ ti funfun. Ó ní ta ló kú. Ó ní láti ìgbà tí Bàbá Alága ti háyà yàrá náà, òun ò gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbẹ̀ rí, ó dá òun lójú pé òkú ló sùn. Bàbá Alága la ojú kan, ó tọ́ka sí àga. Ọkùnrin náà jókòó. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, ó mú ìyàwó rẹ̀ dání wá.

Bó ṣe di pé a ń fi ìjókòó parí gbogbo ìpàdé nìyẹn. Bàbá kan tó máa ń bá gbogbo awakọ̀ takisí jà bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Obìnrin kan tí kì í lè jẹun bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rín Àǹtí Sẹ̀míátù padà wá. Mò ń gbọ́ ọ láti ìdí maṣíìnì mi, láti òdìkejì pákó tó pààlà yàrá wa. Mi ò ní parọ́ fún yín, àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn ló dùn jù nínú ayé mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ pé. Wọ́n pe gbogbo wa fún ìbéèrè. Àwọn oníkáàdì yẹ́lò sọ pé àwọn ń sùn, pé àyà àwọn ò já mọ́. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fà á, torí mo ti kìlọ̀ fún wọn. Àǹtí Sẹ̀míátù ní, "Àdúrà ni." Kò purọ́ o, ó ń gbàdúrà lóòótọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, dókítà ránṣẹ́ pè mí. Ó tẹ́ bébà sí gbogbo orí tábìlì. Ó ní ara àwọn oníkáàdì funfun ti yá, òun sì dúpẹ́. Ó ní ara àwọn oníkáàdì yẹ́lò náà ti yá, bákan náà gẹ́lẹ́. Ó ní bébà yẹn ń sọ pé ìjókòó wa ò ṣe ju ohun tí dídúró sílé ṣe lọ. Ó wá gbójú sókè, ó wò mí. "Màdáàmù, ṣé ẹnì kan kọ́ wọn?"

Mo ní, "Rárá, Dókítà."

Kíá ni mo sọ ọ́. Ó yá ju èémí kan lọ. Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé àwọn oníkáàdì yẹ́lò dànù nígbà tó bá kàn wọ́n. Ojú sì ń tì mí, èmi tí ọwọ́ mi ga jù lọ. Ohun tó dùn mí jù ni pé ó gbà mí gbọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ní tí mo bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí. Ó mú kálàmù, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ọ̀gá tó rán an wá ní kó máa bọ̀ nílé, pé kò sídìí láti máa bá a lọ. Lọ́jọ́ tó fẹ́ lọ, ó wá kí mi ní Akébé. Ó gbé tìmùtìmù tó máa ń jókòó lé wá fún mi. Mo ní, kí lẹ máa wá jókòó lé lọ́hùn-ún? Ó ní, "Mo ti fi í sílẹ̀. Òṣùwọ̀n ti sọ̀rọ̀, mi ò lè máa tan ara mi jẹ."

Mo gbé tíì fún un. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ife ń lu àwo rẹ̀ kí-kí-kí. Mo mọ ọwọ́ yẹn. Ọwọ́ tí kì í jẹ́ kí òwú wọ abẹ́rẹ́ ni. Mo la ẹnu mi láti sọ òótọ́, mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo la ẹnu mi. Takisí tó ń dúró dè é fun fèrè níta. Àyà mi ò já. Tirẹ̀ ló já, mo rí i, tíì dà sórí aṣọ rẹ̀. Ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó lọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ní oṣù tó kọjá, Bísọ́lá ń sọ ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé fún mi. Ó ní ìjókòó tí mò ń ṣe láràárọ̀ yìí ti di ìtọ́jú ní àwọn ilé ìwòsàn ńláńlá kárí ayé. Ó ní ọ̀pọ̀ ìwádìí ló sọ pé ó ń ran àwọn tí ọkàn wọn ò balẹ̀ lọ́wọ́, àtàwọn tí ìbànújẹ́ ti fi sílẹ̀ tó tún fẹ́ padà wá. Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wọn ní kí wọ́n rọra ṣe. Ìwádìí mìíràn, èèyàn inú rẹ̀ kéré. Òmíràn, ẹni tó ń wọn nǹkan náà ló ń gbàdúrà kó yọrí sí rere. Ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé àwọn tó kàn dúró sílé ni wọ́n fi wé, wọn ò fi wé oògùn mìíràn. Ó tiẹ̀ ní àwọn kan wà tí ìjókòó náà máa ń dà lọ́kàn rú, pé wọn kì í sábà ka tiwọn.

Ló bá ní, "Mémé," bó ṣe máa ń pe èmi ìyá àgbà rẹ̀ nìyẹn, "ó tún ní èyí tí àwọn tó yẹ kó dúró sílé ti lọ kọ́ ọ lọ́dọ̀ aládùúgbò wọn. Ìyẹn máa ń ba gbogbo rẹ̀ jẹ́."

Ìgbà yẹn ni ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní, ṣé wọ́n mọ̀ nípa ìyẹn ni? Ó ní wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ní orúkọ nínú ìwé. Ẹ̀yin ará, èmi tí mo rò láti ọjọ́ yìí pé èmi nìkan ni mo dá irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí lábẹ́ ọ̀run. Ẹ̀rín bú lẹ́nu mi, ẹkún tẹ̀ lé e. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí gọ́tà dé orí tíì.

Bísọ́lá rẹ́rìn-ín títí. Mo ní ṣebí ìjókòó náà ṣiṣẹ́ nìyẹn, ṣebí apá méjèèjì ló yá. Ó ní, "Non, Mémé. Bóyá ìjókòó ni. Bóyá pípàdé yín lọ́jọ́ Sunday ni. Bóyá ọjọ́ tó ń lọ ni. Ohun tẹ́ ẹ bàjẹ́ nìyẹn: kò sẹ́ni tó lè mọ̀ mọ́."

Mo ní èmi mọ ọjọ́ tí òwú wọ abẹ́rẹ́. Ó ní abẹ́rẹ́ ẹnì kan ò tó ẹ̀rí. Ohun tí dókítà sọ gan-an nìyẹn, ọmọ yìí ò sì bá a pàdé rí.

Kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó dín, ó ti wá a jáde lórí fóònù rẹ̀. Dókítà Sọlánjì wà láàyè. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ń gbé ní ìlú kékeré kan létí òkun. Bísọ́lá kọ nọ́ńbà rẹ̀ sórí bébà, mo fi ẹsẹ̀ maṣíìnì mi tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, àfi bíi pé ó fẹ́ sá lọ.

Àǹtí Sẹ̀míátù ṣì wà, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún. Ọkọ rẹ̀ padà dé láti orí òkun láìfarapa, orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló kú sí, nígbà tó gbó tó tọ́. Mo bi í léèrè bóyá kí n pe dókítà. Ó ní kí n fi obìnrin náà sílẹ̀, pé a kì í jí arúgbó lójú oorun ká sọ fún un pé nǹkan rẹ̀ sọnù ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn. Bísọ́lá ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a, pé èmi ni mo kọ́ òun ní òwe yẹn. Mo wá wà láàárín àwọn méjèèjì bí aṣọ tí wọ́n ń gbé fà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Kì í ṣe ìwádìí náà ló ń jẹ mí lọ́kàn jù. Àwọn onímọ̀ ti ṣe tiwọn lọ láìsí tèmi, Ọlọ́run bùkún wọn. Ọwọ́ dókítà tó ń gbọ̀n lọ́jọ́ yẹn ni. Mo ṣì ní tìmùtìmù yẹn, mo ti pààrọ̀ èpo rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, gbogbo rẹ̀ ni mo fi àjákù kọ́tìnnì rán. Àràárọ̀ ni mò ń jókòó lé e, tí ọkàn mi ń balẹ̀, lórí ohun tí ẹni tó ni ín fi sílẹ̀ nítorí irọ́ mi.

Lánàá, mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Mo ní kí Bísọ́lá bá mi tẹ nọ́ńbà náà. Mo ti to ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ ní Faransé, mo ti kọ́ ọ sórí. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta. Ohùn arúgbó obìnrin kan ní "Allô?" Gbogbo Faransé mi sá lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni, "Ẹ kú ìjókòó o, Dókítà."

Mo gbọ́ èémí rẹ̀. Ó wọlé, ó jáde. Mo gbìyànjú láti mọ̀ láti inú rẹ̀ bóyá èémí ẹni tó ṣì ń jókòó ni, tàbí ti ẹni tó ti fi í sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mi ò lè mọ̀.

Ó wá dáhùn, pẹ̀lú ẹnu iṣu gbígbóná kan náà, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń wá nǹkan nínú àpótí: "Ẹ káàbọ̀."

Ayọ̀ ló pọ̀ lápọ̀jù, mo pa fóònù náà. Mo bá Bísọ́lá jó nínú yàrá yẹn pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn mí yìí. Lẹ́yìn náà ni mo wá rántí pé mi ò tíì sọ nǹkan kan.

Lọ́la, màá tún pè é. Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin tí ẹ ti jẹ́wọ́ ohun tó ti pẹ́ rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí, kí ẹ sì gbà mí nímọ̀ràn. Kí ni mo máa sọ tẹ̀ lé "ẹ káàbọ̀"?